Fìlà Mùrí Lórí Dikóódà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Ìdí-Iyeyè nílùú Ìwó ní Àlàmísì tó kọjá. Àwọn ìjòyè rò pé àwọn máa yanjú ẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Oúnjẹ jinná, ó tutù, wọ́n tún gbé e kaná, ẹjọ́ ò parí.

Ààfin là ń pè é nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Baálẹ̀ Oyèdàmọ́lá ṣe fẹ́ ká máa pè é. Ilé onípáànù ni, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan níwájú, àga onítìmùtìmù kan fún Baálẹ̀, àti bẹ́ǹṣì fún gbogbo ayé yòókù.

Ràhámọ̀tù tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Odò-Ọ̀rì ló mú ẹjọ́ wá. Mùrí, ọkọ rẹ̀, bàbá Zakiyyah, ló pè lẹ́jọ́. Tọkọtaya yìí ti pẹ́ nílé ara wọn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ ariwo wọn rí. Kì í ṣe pé ìfẹ́ wọn pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, àyè ìjà ni kò sí. Tírélà ni Mùrí ń wà. Àtìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń kó obì lọ sí Kánò, tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀. Bó bá ti wọlé, tó kí ìyàwó, tó sùn, tó jí, ọ̀nà ló kù. Nígbà tí ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kó sọ̀ kalẹ̀ nínú tírélà pátápátá. Mùrí sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Ó wọ pálọ̀, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí tẹlifíṣàn, ó gbé rímóòtù, ó di onílé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún tí Mùrí fi wà lójú ọ̀nà, Ràhámọ̀tù ló ni pálọ̀, òun ló ni tẹlifíṣàn, òun ló ni díìṣì orí òrùlé. Bó bá ti kírun Mọ́gàríbì tán, fíìmù tó ń wò máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá sọ, tí kì í tán. Mùrí ò mọ fíìmù. Bọ́ọ̀lù ló mọ̀, àti ìròyìn, àti ìròyìn nípa bọ́ọ̀lù. Ràhámọ̀tù kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó pe Zakiyyah ọmọ wọn ní Ìbàdàn, ó fẹjọ́ sùn. Mùrí náà pè é, ó fẹjọ́ sùn. Zakiyyah gbọ́ ti ìyá, ó gbọ́ ti bàbá, títí etí fi ń dùn ún. Ló bá ra tẹlifíṣàn kejì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kó gbé e sí yàrá, kí òun náà lè sinmi.

Tẹlifíṣàn dé, ṣùgbọ́n dikóódà kan ṣoṣo ló wà nílé, pálọ̀ ló sì wà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Múyìíwá tó ń so díìṣì kiri àdúgbò. Múyìíwá gun òrùlé, ó sọ̀, ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè ra dikóódà mìíràn, kí òun so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, kí kálukú máa wo ohun tó wù ú. Tàbí kí òun fa wáyà láti ara dikóódà pálọ̀ gba inú àjà lọ sí yàrá, ohun tí pálọ̀ bá ń wò ni yàrá náà á máa wò. Mùrí ní kó fa wáyà. Ó ní ilé kan náà ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi dikóódà méjì ṣe. Múyìíwá fa wáyà. Ó tún fi ojú kékeré kan báyìí sí yàrá Ràhámọ̀tù, ó fi ìkejì rẹ̀ síwájú dikóódà ní pálọ̀, kí Ràhámọ̀tù lè máa fi rímóòtù yí ìkànnì láti orí bẹ́ẹ̀dì láì jáde. Nígbà tó fi máa kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, ilé náà ti ní dikóódà kan, tẹlifíṣàn méjì, rímóòtù méjì, àti èèyàn méjì tí ohun tí wọ́n fẹ́ wò ò jọra.

Bí wọ́n ṣe dé ààfin nìyẹn.

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀. Àtorí ọ̀kadà tó gbé e wá ló ti ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí kò ṣe ní tàbùkù ọkọ lójú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, tó rí Mùrí lórí bẹ́ǹṣì, tó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wá wòran, gbogbo ohun tó tò fò lọ.

"Baba," ó ní, "ọkọ mi ò jẹ́ kí n mọ bàbá ọmọ."

Ọ̀tún Ògúndípẹ̀ tó ti ń tòògbé lajú. Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ Ìyálóde Àtọ́kẹ́.

"Bàbá ọmọ wo?" Baálẹ̀ ní.

"Ọmọ inú fíìmù ni, Baba."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n ní kó máa bá a lọ.

Ràhámọ̀tù ní láti ìgbà tí wáyà ti wọ yàrá òun, òun ò tíì wo fíìmù kan já. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìkànnì á fò lọ sórí bọ́ọ̀lù. Òun á dá a padà. Á tún fò. Òun á jáde lọ bá Baba Zakiyyah ní pálọ̀, àwọn á tahùn síra àwọn, òun á padà sí yàrá. Òun fara dà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Atìní, ọmọbìnrin inú fíìmù náà, tó ti ń ṣe ọmọọ̀dọ̀ nílé ọlọ́rọ̀ kan láti kékeré, fẹ́ gbọ́ pé ọlọ́rọ̀ yẹn gan-an ni bàbá tó bí i. Wọ́n ti ní kó jókòó. Ìyá àgbà ilé náà ti lanu. Ni tẹlifíṣàn bá di ẹja.

"Ẹja báwo?" Ọ̀tún bi í.

"Ẹja inú omi, Baba. Wọ́n kàn ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Òyìnbó kan ń sọ nǹkan nípa wọn."

Ó ní òun tẹ rímóòtù, ẹja. Òun yọ bátìrì, òun fi eyín tẹ̀ ẹ́, òun dá a padà, ẹja. Òun gbá rímóòtù mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹja náà ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Nígbà tí òun jáde sí pálọ̀, òun bá Baba Zakiyyah lórí àga rẹ̀ láìdé fìlà. Fìlà wà lórí dikóódà, ó bò ó mọ́lẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sí rímóòtù ayé yìí tó lè bá a sọ̀rọ̀.

Ìyálóde Àtọ́kẹ́ sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì. "Ọmọ náà wá gbọ́ pé bàbá òun ni?"

"Ohun tí mo ń wí nìyẹn, Ìyá. Mi ò mọ̀."

"Ìyẹn ò kan ẹjọ́," Baálẹ̀ ní.

"Lójú tèmi, òun gan-an ni ẹjọ́," Ìyálóde fèsì, wọ́n sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lọ.

Ó kan Mùrí. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà, ó dúró sí ìdajì ọ̀nà. Baálẹ̀ ní kó padà sókè. Mùrí ní òun ò jiyàn, òun fi fìlà bo dikóódà. Ṣùgbọ́n oore ni òun ń ṣe. Ó ní ẹni tó bá ti wa tírélà kọjá Jẹ́bà bí òun ṣe wà á kọjá, bó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná, á mọ̀. Òun fọwọ́ kan dikóódà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń gbóná bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Tẹlifíṣàn kan ló ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n lọ fi ìkejì kún ẹrù rẹ̀. Ìbòji ni òun ṣe fún un.

"Ìbòji kí ni?" Ọ̀tún ní. "Oòrùn wo ló wà ní pálọ̀ lẹ́yìn Mọ́gàríbì?"

Mùrí ní ti gílóòbù ni.

Wọ́n bi í pé ẹja ńkọ́. Ó ní dókítà ló ní kí òun jáwọ́ nínú ẹran, kí òun máa jẹ ẹja. Òun ò sì fẹ́ máa jẹ ohun tí òun ò mọ ìwà rẹ̀, òun jókòó láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Baálẹ̀ wò ó títí. Wọ́n ti ń gbẹ́jọ́ ládùúgbò náà láti ìgbà tí eyín wọn ṣì pé, ó sì hàn lójú wọn pé èyí tuntun. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ràhámọ̀tù. Ó rántí pé òun ló mú ẹjọ́ wá, ó pa á mọ́ra.

Mùrí rí i pé gbogbo èèyàn dákẹ́, ó rò pé òun ti ń borí, ló bá fi ẹ̀sùn tirẹ̀ kún un. Ó ní Ìyá Zakiyyah náà kì í ṣe ẹni ire. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n fẹ́ gbá pẹnárítì. Aṣọ́lé ti tẹ̀ síwájú, ẹni tó máa gbá a ti sá sẹ́yìn, ni pálọ̀ bá kún fún obìnrin tó ń sunkún. Títí dòní, òun ò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé.

Baálẹ̀ ní kí ẹni tó fa wáyà wá sọ tẹnu rẹ̀. Múyìíwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn irinṣẹ́ àpò rẹ̀ ń dún bí ó ṣe ń dìde. Ó ní òun ò jẹ̀bi, òun ṣàlàyé fún tọkọtaya kí òun tó gun òrùlé. Òun sọ fún Ìyá Zakiyyah pé bí wọ́n bá ti fi ojú kékeré yẹn sí yàrá, ìkànnì tó bá wù wọ́n ni wọ́n á máa wò.

"O sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ náà?"

Múyìíwá ní rárá, ohun tí òun sọ fún Baba Zakiyyah ni pé pálọ̀ ni orísun, ẹni tó bá wà ní pálọ̀ ló ni àṣẹ.

Baálẹ̀ da ọ̀rọ̀ náà rò. "O sọ fún ìyàwó pé òun ló ni ín. O sọ fún ọkọ pé òun ló ni ín. Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀?"

"Méjèèjì ni, Baba. Wọn ò bi mí lójú ara wọn ni."

Wọ́n ní kó lọ jókòó. Ó jókòó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, bí ẹni tó ti ran ààfin lọ́wọ́.

Ràhámọ̀tù ní òun ní ẹlẹ́rìí, ó sì na ọwọ́ sí Bọ́sẹ̀ onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí àwọn àgbà má bínú, òun ò mọ nǹkan kan nípa fíìmù, òun kì í wò ó, ọwọ́ òun ò dilẹ̀. Ní ọjọ́ Atìní náà, iyọ̀ ni òun lọ tọrọ. Ohun tí òun kàn mọ̀ ni pé Ìyá Zakiyyah kì í fọwọ́ kan rímóòtù bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni.

"Ìwọ tí o kì í wò ó," Ìyálóde ní, "ọlọ́rọ̀ yẹn ha ni bàbá ọmọ náà lóòótọ́?"

"Kì í ṣe òun rárá, Ìyá," Bọ́sẹ̀ ní, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní Ìyá Zakiyyah ò wò ó dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n ọlọ́rọ̀ náà ni bàbá rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ pé ó kú sínú odò, tí kò kú. Ìyá àgbà mọ̀, ó sì fi pamọ́, nítorí pé bí ọmọ náà bá jáde síta, ilé di tirẹ̀. Àwòrán kan tún wà tí wọ́n pín sí méjì, oúnjẹ kan sì wà tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ẹ̀yìn. Ó ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ júwe, Ọ̀tún Ògúndípẹ̀ ń bi í pé ta ló wá ń jẹ oúnjẹ náà, Bọ́sẹ̀ ní ibẹ̀ gan-an ni òun ń bọ̀. Ìyálóde ti kúrò ní àyè wọn, wọ́n ti wá jókòó sí etí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ ọn. Baálẹ̀ ò sọ pé kò kan ẹjọ́ mọ́.

Mùrí ló dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ó ní kí wọ́n bi í léèrè ta ló yí pẹnárítì.

Bọ́sẹ̀ gbé ọwọ́ tó fi ń júwe wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Zakiyyah kọ́. Òun Bọ́sẹ̀ ló jókòó lé rímóòtù lọ́jọ́ yẹn.

"Lọ́jọ́ tí o wá tọrọ iyọ̀?" Baálẹ̀ bi í.

"Ọjọ́ mìíràn ni, Baba. Iyọ̀ ni mo wá dá padà lọ́jọ́ yẹn."

Ó ku ẹlẹ́rìí Mùrí. Fáwọlé ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Kuta, tó máa ń yà kí i nírọ̀lẹ́ bó bá ti oko dé. Fáwọlé kì í fi ẹnu lásán jẹ́rìí. Ó fi ẹnu kan àdá rẹ̀, ó ní bí òun bá purọ́ kí Ògún bá òun sọ ọ́. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ló máa tẹnu rẹ̀ jáde. Mùrí ló dà bíi pé ó gbàgbé ìyẹn nígbà tó ń pè é.

Fáwọlé kọ́kọ́ ṣe dáadáa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ pẹnárítì, ọ̀rọ̀ náà dun ẹni tó bá rí i. Ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ẹja náà. Ọ̀tún bi í pé ṣé òótọ́ ni pé Mùrí jókòó, ó ń fara balẹ̀ wo ẹja.

"Rárá o," Fáwọlé ní. "Kò wo ẹja. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló ń wò."

Mùrí wúkọ́. Fáwọlé rò pé ó fẹ́ kí òun ṣàlàyé sí i, ó bá ṣàlàyé. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bọ́ọ̀lù wà o, bọ́ọ̀lù ò sí o, bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀ ní yàrá, Mùrí á yí ìkànnì. Á gbé rímóòtù kalẹ̀, á tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe, á wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Zakiyyah á jáde, wọ́n á jà. Bí ó bá ti padà wọlé, Mùrí á ní ìrọ̀lẹ́ òní dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí rímóòtù yàrá wá mọ́ Ìyá Zakiyyah lọ́wọ́, tó ń dá a padà láti orí bẹ́ẹ̀dì, kì í jáde mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí fìlà fi wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ràhámọ̀tù yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni Mùrí ń wò.

"Mùrí," Baálẹ̀ ní, "ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀?"

"Bí mo bá pè é, Baba, á ní òun ń bọ̀. Mo lè máa pè é títí wọ́n á fi pe ìrun. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí ìkànnì, kíá ló máa jáde."

"Kó jáde wá ṣe kí ni?"

"Kó wá bá mi jà." Ó fọwọ́ pa orí. "Ẹni tó bá ń bá èèyàn jà á dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni náà. Nínú tírélà, mo máa ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti ibí dé Kánò. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá jókòó sínú ilé."

Ràhámọ̀tù ò mọ ìgbà tó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń lọ Kánò, mo máa ń bu ọbẹ̀ yín sílẹ̀, á máa kan. Zakiyyah bá ọkọ lọ, ó ku èmi nìkan. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Àwọn inú fíìmù yẹn ni wọ́n ń wá bá mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Baba Zakiyyah. Wọn kì í pa ọjọ́ jẹ."

Kò sí gílóòbù, kò sí ẹja tó lè gba Mùrí sílẹ̀ níbẹ̀. Ràhámọ̀tù náà ò retí pé òun máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá sí ààfin láti gba fíìmù rẹ̀ padà, ohun mìíràn ló tẹnu rẹ̀ bọ́, ó sì rí i pé ara òun fúyẹ́, ìtìjú sì tún mú un. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó tún kúnlẹ̀.

Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè forí korí. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí. Àwọn tó sún mọ́ wọn gbọ́ tí Ìyálóde ń sọ pé ẹ̀gbọ́n ọlọ́rọ̀ náà ò lè jẹ́ bàbá ọmọ, tí Ọ̀tún ń sọ pé ó lè jẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, Baálẹ̀ gbá ọ̀pá nílẹ̀.

"Mùrí jẹ̀bi," wọ́n ní. "Ràhámọ̀tù náà jẹ̀bi. Múyìíwá ló jẹ̀bi jù, ṣùgbọ́n díìṣì ààfin yìí ti ń fì láti ìgbà òjò, òun ló sì máa bá wa tún un ṣe, ẹ jẹ́ ká fi tiẹ̀ sílẹ̀ ná."

Wọ́n ní kó tó di Mọ́gàríbì ọjọ́ náà, tẹlifíṣàn yàrá gbọ́dọ̀ ti jáde sí pálọ̀. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà níbẹ̀, ejìká sí ejìká. Ìkànnì kan náà ni méjèèjì á máa ṣe. Mùrí á máa wo ti apá ọ̀tún, Ràhámọ̀tù á máa wo ti apá òsì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a gba tẹlifíṣàn òun. Múyìíwá ò ní yọ wáyà inú àjà. Bó ṣe fà á lọ sí yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kó fà á padà láti yàrá wá sí pálọ̀, torí ààfin kì í ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Rímóòtù Mùrí á wà lọ́wọ́ Ràhámọ̀tù, ti Ràhámọ̀tù á wà lọ́wọ́ Mùrí.

"Iṣẹ́ kan náà ni rímóòtù méjèèjì ń ṣe, Baba," Múyìíwá ní.

"Mo mọ̀," Baálẹ̀ ní. "Ṣé o rí i pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bínú?"

Ní ti fìlà, ó di ti ààfin. Ọ̀tún ló dé e lọ sílé.

Ó ku ẹni tó máa rí i pé wọ́n tẹ̀lé ìdájọ́. Baálẹ̀ ní ìjòyè kan gbọ́dọ̀ máa lọ bẹ̀ wọ́n wò nírọ̀lẹ́, lásìkò fíìmù gan-an. Kí wọ́n tó sọ ọ́ délẹ̀, Ìyálóde Àtọ́kẹ́ ti ní òun á lọ. Ọ̀tún ní iṣẹ́ náà ju agbára ẹnì kan lọ, bí bọ́ọ̀lù bá lọ wọ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́. Baálẹ̀ ní kí àwọn méjèèjì máa lọ, òun fúnra òun á sì máa yà, láti rí i pé wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tẹlifíṣàn méjèèjì tò sí pálọ̀ Mùrí, àwòrán kan náà ń sunkún nínú méjèèjì. Baálẹ̀ Oyèdàmọ́lá jókòó sórí àga Mùrí torí pé òun ló dára jù. Ìyálóde àti Ọ̀tún pín àga gígùn. Bọ́sẹ̀ dé, iyọ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Fáwọlé fi àdá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Múyìíwá ní òun fẹ́ wò ó bóyá wáyà náà ń ṣiṣẹ́, òun náà wá àyè jókòó sílẹ̀. Ràhámọ̀tù po tíì fún wọn. Nígbà tó fi máa pín in tán, kò rí ibi jókòó sí, ẹ̀yìn orí àwọn ìjòyè nìkan ló ń rí.

Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ń to àwọn ìkòkò ọjà rẹ̀ sí. Ó rí Mùrí lórí àpótí láàárín wọn, orí ní gbangba, rímóòtù lọ́wọ́.

"Wọ́n lé ẹ̀yin náà jáde?" ó bi í.

"Ọ̀tún ní mò ń dí òun lójú."

Ràhámọ̀tù dojú ìkòkò kan dé, ó jókòó lé e. Ohùn àwọn inú fíìmù ń gba ojú fèrèsé jáde sí wọn, àti ti Ìyálóde tó ń bá wọn jiyàn.

"Ọmọbìnrin yẹn," Mùrí ní, "báwo ló ṣe tiẹ̀ di ọmọọ̀dọ̀?"

Ràhámọ̀tù wò ó, kó rí i bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú rẹ̀ ò jọ bẹ́ẹ̀.

"Ó jìnnà, Baba Zakiyyah."

"A ò lọ ibì kan."

Ràhámọ̀tù bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti orí ìyá ọmọ náà ló ti mú un, bó ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú oyún nínú. Mùrí bi í pé ojú irin ibo, ó ní ọ̀rọ̀ ojú irin kọ́. Ó bi í pé kí ló dé tí kò dúró nílé ìyá ọkọ, Ràhámọ̀tù ní ibẹ̀ gan-an ni kó fetí sí. Ó sún ìkòkò rẹ̀ mọ́ ọn, torí ẹ̀yìn tó ń dun Mùrí kì í jẹ́ kó lè tẹ̀ síwájú.

Nínú ilé, ariwo sọ. Baálẹ̀ ló ń pariwo láti ojú fèrèsé pé kí Ràhámọ̀tù sáré máa bọ̀, pé ìyá àgbà tún ti jókòó, wọ́n tún ti pe ọmọ náà, wọ́n ti fẹ́ sọ bàbá rẹ̀ fún un báyìí.

Ràhámọ̀tù gbọ́. Ó gbé ojú sókè wo fèrèsé náà.

"Ìyá rẹ̀ wá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin," Mùrí ní. "Ó sọ̀ tán. Ibo ló gbà?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni," Ràhámọ̀tù ní, ó sì ń bá a lọ.